Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Ní Ọmọ Mi Ń Rù

"Màmá, ẹ má bá kọ̀ǹpútà ọsibítù jiyàn o." Ìkìlọ̀ tí ọmọ mi obìnrin ṣe fún mi nìyẹn, nígbà tí mo fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ purọ́ mọ́.

Ìgbà SAP ni, nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, mò ń rán aṣọ ní iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíníìkì wa. Ọmọ mi yìí ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà náà, mo sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Lóṣù tó ṣáájú, kílò mẹ́sàn-án ni. Lọ́jọ́ yẹn ó di mẹ́wàá. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ní ó rù, nọ́ọ̀sì sì ti ń wá abẹ́rẹ́. Mo fura.

"Ẹ dúró ná. Ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́n ò tó ó dì mọ́."

"Ìyá ọmọ, ṣé ẹ gbọ́n ju kọ̀ǹpútà lọ ni?"

"Rárá o. Àmọ́ òun kọ́ ló ń pọ̀n ọ́n."

Wọ́n pe ọkùnrin tó kọ àṣẹ sínú ẹ̀rọ náà. "10kg" ni wọ́n tẹ̀, kọ̀ǹpútà sì gbà á bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bíi nọ́ńbà. Bí ìgbà tí tíṣà ń to orúkọ ní a, b, d, àmì àkọ́kọ́ ló wò: 1 ṣáájú 9, ló bá ka mẹ́wàá sí kékeré. Ọkùnrin náà fi VAL kún un, àṣẹ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì dá abẹ́rẹ́ padà.

Ẹ jọ̀wọ́, bí kọ̀ǹpútà bá ní ara ọmọ yín ò dá, ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n lójú yín kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀.