Ìwé Ìdúpẹ́ Ìyá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí mi tó, kó wá jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan l'Accra, Gẹ̀ẹ́sì, Twi àti Gã sì ni mo fi ń jẹun. Gẹ̀ẹ́sì ò ní wàhálà. Ti Twi àti Gã, ẹnìkan ti bá wa kó lẹ́tà wọn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń tẹ̀ tí ɛ tàbí ɔ á fi jáde. Yorùbá tí í ṣe èdè ìyá tó bí mi ni kò sí níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ọ tó ní àmì lórí, tó tún ní nísàlẹ̀, àfi kí n lọ ṣà á láàárín ọ̀pọ̀ àmì tó kún ojú ẹ̀rọ, kí n dà á kọ, kí n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ tán, àmì orí rẹ̀ á sún lọ jókòó lé lẹ́tà kejì. Ẹ̀rọ náà á tún fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, àfi bíi pé àṣìṣe ni gbogbo wa látilẹ̀wá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín pé èdè àwa Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, le ju ẹ̀rọ lọ. Mi ò rí ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí ìyá mi pé ọgọ́rin, ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò béèrè aṣọ, kò béèrè màlúù. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí ọmọ mi obìnrin dìde ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ òun sétí ìjọ, ní Yorùbá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ náà nígbà yẹn. Kotobabi, l'Accra níbí, la bí i sí, gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Twi ló fi ń dá wa lóhùn. Ìyá mi á bá a sọ Yorùbá, òun á fi Twi fèsì, wọ́n á sì jọ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo rò pé kò dun ìyá mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti ń dùn ún tipẹ́.

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ kí n tó lọ," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ti tó."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ sí mi lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àjèjì kúrò ní Gáná, mo ṣì kéré, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kó wa lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ Yorùbá kíkọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ àmì ṣeré, ká tó padà wá s'Accra. Ìyá mi ń sọ, mo ń kọ. Mo wá ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì, àmì kan lẹ́yìn òmíràn, ebi ń pa mí, ọrùn ń dùn mí. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Twi àti Gã pẹ̀lú, torí àwọn aládùúgbò wa. Àwọn yẹn ò gbà mí ní ọ̀sán kan tán.

Nígbà tí mo parí, mo fún ọmọ mi ní ẹ̀dà kan kó máa fi dánra wò. Ìlà àkọ́kọ́ ló ti há. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí níléèwé. Bó bá kan àmì kan, á dúró, á wo ojú mi. Mo ní dò, ó ní mí. Mo jágbe mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Ìyá mi ké láti inú yàrá pé kí n fi ọmọ náà sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀.

Mo kó iṣẹ́ náà sínú dísíkì, mo mú un lọ sílé ìtẹ̀wé kan nítòsí ọjà Okaishie pẹ̀lú ẹ̀dà orí bébà. Mo kìlọ̀ fún obìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn pé kó má fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọjọ́ Sátidé tí ìdúpẹ́ ku ọ̀la ni mo lọ kó o. Mo ṣí i: Twi pé, Gã pé. Yorùbá ò ní àmì kankan lórí mọ́, gbogbo ẹ àti ọ inú rẹ̀ ti di ɛ àti ɔ. Obìnrin náà fi ẹ̀rín ṣàlàyé fún mi ní Twi pé nígbà tóun ṣí iṣẹ́ mi, àpótí kéékèèké ló kún ibẹ̀, ẹ̀rọ àwọn ò mọ lẹ́tà mi. Àánú mi ló ṣe é. Ó wo ẹ̀dà orí bébà, ó sì bá mi fi lẹ́tà gidi sí i.

Lẹ́tà gidi ló pè é. Mo sọ̀rọ̀ sí i débi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì fi wá wò wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ tilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ò sì lè tún bébà tẹ̀. Mo gbé páálí náà lé itan nínú ọkọ̀ tro-tro, mo sunkún délé. Mo sọ fún ìyá mi pé èmi fúnra mi ni màá kà á, láti inú ìwé tí mo fọwọ́ kọ. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ni kó kà á, bó bá ṣe rí ni kó rí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ mi dìde, ó ṣí ìwé náà, mo sì ti ń wolẹ̀ nítorí ìtìjú. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tó sì ń bá a lọ. Lẹ́tà tó ti mọ̀ níléèwé ló wà níwájú rẹ̀, ohùn ọ̀rọ̀ sì ti wà létí rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Níbi tó bá ti ṣi ohùn gbé, á tún un pè fúnra rẹ̀ bí ìyá mi ṣe máa ń pè é. Ìyá mi di bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀ mú, ó ń ṣe àmín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Inú mi dùn. Inú sì ń bí mi pẹ̀lú, n ò ní purọ́. Ta ni mo wá ń to gbogbo àmì yẹn fún?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi wá bá mi ní ilé ìdáná.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ orin tí Màmá máa ń kọ láràárọ̀ fún mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọn èèrà orí lẹ́tà yẹn sí i."

Gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí ọmọ mi bá mi sọ láyé nìyẹn. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tẹ orin náà. Kò pẹ́ rárá. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mi ò sì fi èèrà kankan sí i.