Ọkọ̀ Òyìnbó tí Bàbá Mi Fi Iná Yan

Láàárọ̀ àná, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ìkòkò ọ̀dà kaná létí omi Ẹ̀pẹ́ níbí, wọ́n fẹ́ fi dí ìdí ọkọ̀ kan. Afẹ́fẹ́ kó òórùn rẹ̀ wọlé bá mi nídìí ẹ̀kọ mímu. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń di imú, wọ́n ń tutọ́. Èmi gbé igbá ẹ̀kọ kalẹ̀, n kò sì lè gbé e mọ́. Wọ́n ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò mu ún mọ́?" Mo lé wọn jáde, nítorí n kì í fẹ́ kí ọmọdé máa wò mí lójú nígbà tí ìbànújẹ́ bá ká mi mọ́ ìdí oúnjẹ. Nígbà tí ilẹ̀ dá, mo rí i pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kó wọ ọkọ̀ wìì bí ẹni wọ yàrá ìyá yín, ẹ kì í bèèrè bí ìdí rẹ̀ ti rí.

A kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èkó ni ilé wa, kí àwọn òyìnbó tó gbé ọkọ̀ ogun wọn dé, tí wọ́n yìnbọn títí ilé fi ń jó, tí àwọn bàbá wa sì kó ẹrù wọn gba ojú ọ̀sà wá síbí. Inú ìyá mi ni mo wà nígbà yẹn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Èkó, ẹnu Ìyá Àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi. Bí ẹ bá gbọ́ tirẹ̀, ẹja Ẹ̀pẹ́ kò dùn, omi Ẹ̀pẹ́ kò mọ́, oòrùn pàápàá, Èkó ló ti máa ń yọ dáadáa. Ó ń jẹ ẹja náà o. Orí ẹja ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jẹ.

Bàbá mi ń gbẹ́ ọkọ̀. Àgbàlá wa kún fún èèrún igi láti ìdí ògiri dé etí omi, adìẹ ń yé sínú ọkọ̀ tí kò tíì parí, àwa ọmọdé sì ń sùn sínú rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí igi tútù máa ń tu èèyàn lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àáké kọ́ ni wọ́n fi ń yìn ín, iná ni. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn apẹja a máa wọ́ ọkọ̀ wọn wá bá a. A ó dojú ọkọ̀ dé lórí igi, bàbá mi a kó imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, a sì ṣáná sí i. Ọwọ́ iná náà ló ń pa àwọn kòkòrò omi tí ń jẹ igi, tó sì ń mú ara ọkọ̀ gbẹ. Bí ó bá ti dúdú tó, a ó fi àdín pa á títí yóò fi máa dán. Bàbá mi kì í wojú iná. Ó ń gbóòórùn rẹ̀ ni, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fà á kúrò. Kò sí ọkọ̀ tó yan tó já ẹni tó ni ín kulẹ̀.

Ní ọdún kan, ọkọ̀ òyìnbó ńlá kan fọ́ sí ẹnu òkun, omi sì gbé ọmọ rẹ̀ yọ. Ọmọ ni mo pè é, nítorí àwọn ọkọ̀ ńlá wọn a máa gbé ọkọ̀ kékeré kọ́ra, èyí tí wọ́n fi ń gúnlẹ̀. Bàbá mi fi ọkọ̀ ìpẹja méjì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rí i. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ mú, a kò sì tíì rí ohun tó sáré tó o lójú ọ̀sà. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Àṣá. Kì í ṣe ara igi kan ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ìṣó pupa kàn mọ́ra, wọ́n sì fi ọ̀dà dí àárín pákó kan àti èkejì.

Ìyá Àgbà yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Igi mélòó ló wà níbí? Igi tí kì í ṣe ọmọ ìyá, tí wọ́n fi tipá so pọ̀. Bí ìjà bá dé, oníkálukú á bá tiẹ̀ lọ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ọkọ̀ mà ni, kì í ṣe orogún."

"Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Àwọn tó fi iná lé wa nílé ló ni ín. Òun lo wá ń wẹ̀ bí ọmọ tuntun yìí."

Lóòótọ́ ló ń wẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ìdí Àṣá ni ẹ ó ti bá bàbá mi, tó ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ gbo àwọn ìṣó náà títí wọn yóò fi máa kọ mànà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un dá. Ó ní pákó ìjókòó tó wà lágbede-méjì rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó yọ gbogbo wọn kúrò àfi ẹyọ kan, kó lè fúyẹ́. Ó fi ọparun fa òpó ìgbòkun ga, ó sì ta ẹní tó fẹ̀ sórí rẹ̀ láti fi ṣe ìgbòkun. Nígbà tí òpó náà ga jù, ó kó òkúta sí ikùn ọkọ̀ kó má baà máa dà gbọ̀ngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé àwọn pákó ìjókòó yẹn ló so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ náà mọ́ra. A kàn ń rí i pé eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bùráímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló ń tù ú, gbogbo ọmọge etí omi ló sì máa ń rántí pé àwọn ní aṣọ láti fọ̀ bó bá ń kọjá. Mo fẹ́ràn Àṣá, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Bí mo bá wà nínú rẹ̀, ara mi a máa yá gágá, ẹ̀rù a sì máa bà mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún yẹn ni ọkùnrin oníṣòwò kan ní Ìkòròdú wá fẹ́ Ràbíátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó tẹ̀lé Bùráímọ̀. Bàbá mi ní ọmọ òun kò ní bá ẹrù àti ìkòkò jókòó sínú ọkọ̀ agbẹ́ onígi kan lọ sílé ọkọ. Àṣá ni yóò gbé e lọ, kí àwọn ará Ìkòròdú lè mọ̀ pé Èkó la ti wá. Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún un pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bàbá mi kàn ń kó imọ̀ ọ̀pẹ jọ. Nítorí pé ìyàwó ni ọkọ̀ náà fẹ́ gbé, ó ní òun yóò ṣe é lóore tí òun kò ṣe fún ọkọ̀ kankan rí: òun yóò yan án ju bí òun ti ń yan àwọn yòókù lọ.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó yan án. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, iná ràn, kò sì pẹ́ tí ọ̀dà àárín àwọn pákó náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ń sun jáde, ó ń kán sórí imọ̀ ọ̀pẹ, èéfín rẹ̀ sì ń ta wá lójú. Mo ní, "Bàbá, ó ń sunkún." Ó ní ìdọ̀tí òyìnbó ló ń jáde lára rẹ̀, pé yóò mọ́ wàyí. Ọ̀dà yẹn ni kì í jẹ́ kí omi wọ ọkọ̀ náà. Mo wá mọ̀ nígbà tí mo dàgbà pé àwọn òyìnbó pàápàá a máa fi iná yan tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n a se ọ̀dà mìíràn dí i padà. Bàbá mi kò mọ̀, nítorí ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi kan kò ní ohun tí a ń dá padà. Ó fi òwú àti àdín dí ibi tó rí, ó gbé Àṣá sómi létí ilé, ọkọ̀ náà sì mumi díẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tuntun ń ṣe.

Lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì tán, kùtùkùtù ọjọ́ kejì la gbéra. Bàbá kì í sin ọmọ dé ilé ọkọ, nítorí náà etí omi ló dúró sí. Èmi ni mo yẹ kí n jókòó ti ìyàwó nínú Àṣá. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ̀ ọ́ kí Ìyá Àgbà tó di ọrùn ọwọ́ mi mú, tó wọ́ mi lọ sínú ọkọ̀ agbẹ́, láàárín ìkòkò àti àwọn ìyàwó ilé. Mo sunkún. Bùráímọ̀ fi mí ṣẹlẹ́yà pé, "Kí ẹ tó dé, ọmọ ọwọ́ Ràbíátù á ti máa rìn!" Òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan àti Ràbíátù ló wà nínú Àṣá. Wọ́n a sáré lọ, wọ́n a tún ṣẹ́rí padà wá yí wa po, Ràbíátù a máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Nígbà tí a fi ń sún mọ́ Ìbẹ̀ṣẹ̀, abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, lọ́sàn-án, a rí i pé ọkọ̀ náà ti ń rì sísàlẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Àwọn ìyàwó ilé dákẹ́ orin. Ọ̀rẹ́ Bùráímọ̀ ń fi igbá gbọ́n omi, kò sì wojú wa mọ́. A pè wọ́n pé kí wọ́n kó sínú tiwa. Bùráímọ̀ nawọ́ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, ó ní òun yóò sáré gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó fa ìgbòkun le, afẹ́fẹ́ sì gbá a mú.

Mo gbọ́ ìró pákó tó ń ya. Ìgbòkun náà dùbúlẹ̀ sórí omi, lẹ́yìn náà n kò rí nǹkan kan mọ́, nítorí òkúta ti fa Àṣá lọ.

Àwọn apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n bá Ràbíátù tó di àjẹ̀ mú, ọ̀rẹ́ Bùráímọ̀ sì gbá aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Bùráímọ̀ ló ti àjẹ̀ náà sí i, tó ní, "Di èyí mú, má wẹ̀yìn." Ẹní ìgbòkun ló bo òun mọ́lẹ̀. Wọ́n wá a títí oòrùn fi ń wọ̀, wọn kò rí i.

Nílé wa, ìyàwó tó bá ti fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kì í padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí Ìkòròdú nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi tútù nínú igbá láti fi wẹsẹ̀ ìyàwó, inú rẹ̀ dùn, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ràbíátù, tí aṣọ ṣì ń kán tótó lára rẹ̀, gbé ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú, obìnrin náà sì da omi sí i, ó ń wúre.

Bàbá mi gbà pé ẹnu Ìyá Àgbà ló pa ọmọ òun. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi pa obìnrin náà mọ́. Nígbà tí mo fi wá mọ̀ pé ọ̀dà ni, òun náà ti kú. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ èkejì.

Ọkọ̀ onírin tí ń rú èéfín ló ń gbé wa lọ sí Ìkòròdú lóde òní. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ronú nípa igi mọ́. Ràbíátù ti di arúgbó, ojú rẹ̀ ti fọ́, kò sì tíì tún gun ọkọ̀ láti ọjọ́ náà. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní kí mi, kò ní ní kí n jókòó, àfi kó kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ọkọ̀ wo lo wọ̀ wá?"

Mo máa ń sọ fún un pé, "Ọkọ̀ agbẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Igi kan ṣoṣo."

Nígbà náà ni yóò tó na ọwọ́ sí mi, tí yóò sì fọwọ́ tọ́ aṣọ mi wò bóyá ó gbẹ.