Ohun Tó Jẹ Iṣu Bàbá Mi Nínú Ìgò

Ẹ má bi mí bóyá mo mutí. Mùsùlùmí ni mí, àárẹ̀ tó wà lára mi ò sì jẹ́ kí n ráyè parọ́. Ọ̀sán gangan lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní làbó kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Sokodé.

Iṣẹ́ mi ò ju pé kí n rẹ ọkà bàbà títí á fi hù, kí n gún un, kí n sẹ́ omi rẹ̀, kí n wá yọ ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Òun ló ń gé sítáàṣì iṣu sí wẹ́wẹ́ títí á fi di ṣúgà. Tí ẹ bá kán ayodíìnì sí sítáàṣì, á dúdú bí aró. Tí ẹ́ńsáìmù bá ti jẹ ẹ́ tán, kò ní dúdú mọ́.

Ṣùgbọ́n ìgò kan gbọ́dọ̀ wà tí a ti se ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ lórí iná. Iná ń pa á. Òkú kì í jẹun, torí náà ìgò yẹn gbọ́dọ̀ dúdú. Tí kò bá dúdú, gbogbo iṣẹ́ yòókù, òfo ni. Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá làbó náà, sì ti ní bí èsì ò bá tẹ òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n máa lọ sílé.

Iṣu Kambolé, ìlú wa, ni wọ́n fẹ́ ká lò. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Nílé wa, a kì í mú iṣu nínú abà olóògbé kí fídáù ogójì ọjọ́ tó pé. Àkọ́mú rẹ̀, sàráà ni. Mo mọ̀. Mo lọ mú ẹyọ kan nínú abà bàbá mi, mo fi aṣọ wé e, mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, gba Tchamba padà sí Sokodé.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo se ẹ́ńsáìmù, mo fi iṣu náà sí i, mo kán ayodíìnì. Kò dúdú. Mo tún un sè, ó hó títí. Kò dúdú. Mo fi iṣu ọjà Sokodé dán an wò, ó dúdú kirikiri. Ni mo bá padà sí ti bàbá mi.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ ẹnu tó ń jẹun. Jẹ́jẹ́, bí ẹnu ẹni tí kò léyín. Inú ìgò ni.

“Fi díẹ̀ kún un.”

Ohùn bàbá mi ni. Mo sáré jáde, mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ iṣu tí mo mú, mo sì sọ ohùn tí mo gbọ́. Mo rò pé wọ́n á bú mi ni.

“Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá rẹ ò fi rí oúnjẹ gbé mì kí wọ́n tó kú,” ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Wọ́n ń pè ọ́. Ìwọ ní iṣẹ́ rẹ á bàjẹ́ tó o bá wálé. Jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán.”

Mo ní ọ̀la ni Jímọ̀. Wọ́n pa fóònù.

Mo lè kọ èsì iṣu ọjà yẹn sílẹ̀ fún ṣẹ́ẹ̀fù. Ta ni ì bá mọ̀? Mo wọlé, mo gé ìyókù iṣu bàbá mi, mo ń bù ú sínú ìgò díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí. Mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí iṣu tán, ohùn náà ṣì ń béèrè.

Wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́. Kambolé ni mo wà báyìí, ebè ni mò ń kọ. Bóyá bàbá mi ni mo bọ́, bóyá nǹkan mìíràn ni, n ò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iṣẹ́ ṣàwáwí fáwọn òbí yín, ẹ lọ sílé. Ẹ bọ́ wọn nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun wọn ṣì ń gba oúnjẹ.