Òtútù Mú O, Àlàájà

Ṣé wọ́n ti rọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí lágbo ibà rí, torí pé òtútù ń mú adìyẹ? Wọ́n ti rọ èmi. Èmi ọ̀mọ̀wé tó ṣe wáẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀mejì, tí èsì ìkejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn: títọ́jú òròmọdìyẹ fún Àlàájà kan l'Ólódò. Wọn ò ní ìyá tó máa ràdọ̀ bò wọ́n, ìkòkò èédú ni ìyá wọn. Tí èédú bá ń kú, ẹ kó òmíràn sí i, ó parí. Àmọ́ èmi, Júù ni mí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ló gba ẹ̀sìn náà. A ò ju ìdílé mélòó kan lọ, síbẹ̀ a tún pín sí méjì. Àwọn bàbá mi ò yọ òfin kankan sílẹ̀: ní Sábáàtì, ìyẹn Sátidé, a ò dáná, a ò sì gbọdọ̀ bẹ ẹlòmíì kó bá wa dá a. A lè kàn fọ̀rọ̀ pẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ, kí onítọ̀hún fúnra ẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ìjọ ẹ̀gbọ́n mi Dèbórà ní ká sinmi, ká sì lo làákàyè. Ti bàbá mi ni mo mú, torí pé kò sí aṣọ fífọ̀ níbẹ̀ ní Sátidé.

Sátidé kan, òjò ń rọ̀. Mo lọ bu oúnjẹ fún àwọn òròmọdìyẹ, ìyẹn ò léèwọ̀, mo rí i pé èédú ti ń di eérú. Mo sáré bá Àlàájà.

"Òtútù mú o, Àlàájà."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ibà ni. Jókòó."

"Kì í ṣe èmi nìkan ló ń mú, mà."

"Gbogbo àdúgbò ló ń mú. Yanu."

Wọ́n rọ mí lágbo, wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Mi ò sọ ọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà móoru. Mo sùn lọ.

Nígbà tí mo jí, àwọn òròmọdìyẹ ti gun ara wọn lórí sí igun kan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú, àwọn tó wà lókè ò pẹ́ tẹ̀ lé wọn. Àlàájà fúnra wọn ló ń ṣà wọ́n. "Má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀," ni wọ́n ń wí, "ara ẹ ò yá."

Bàbá mi ní mo ṣeun, mo pa ọjọ́ náà mọ́. Dèbórà ní, "Ọlọ́run ní kó o sinmi. Ṣé ó ní kó o purọ́ ni?"

"Òtútù mú lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."



Ìjọ Dèbórà ni mò ń lọ báyìí. Bàbá mi ò bá mi jà. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Fráídé tí wọ́n máa ń gbọ́wọ́ lé wa lórí súre fún wa, wọn ò gbé e lé mi mọ́.

Àlàájà sì gbà dòní pé ibà ló dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n ti ra òròmọdìyẹ mìíràn, Ẹgbẹ́dá la ti fẹ́ lọ gbé wọn. Màá sọ òótọ́ fún Àlàájà lọ́nà. Màá ní, "Àlàájà, lọ́jọ́ yẹn..."

"Ọkọ mi! Bọ́ síta, mọ́tò ń dúró!"

Mò ń bọ̀, mà.