Oṣù Mẹ́rin Tí Nǹkan Kan Ò Dùn Mí

Ọmọ mi obìnrin ṣubú lọ́jà ẹja ní Kado. Orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọnú bàtà rẹ̀, èmi sì ń ná ẹja lọ ní tèmi. Mo rí i o. Mi ò ní parọ́ pé mi ò rí i. Obìnrin tó ń ta ẹja fún mi ló ju ọ̀bẹ sílẹ̀, tó ké mọ́ mi.

"Kai! Madam, your pikin dey bleed!"

Mo ní kó ṣì bá mi di ẹja náà sínú láílọ́ọ̀nù ná.

Nígbà tá a dé inú mọ́tò, ọmọ ọdún márùn-ún yìí ti dákẹ́ ẹkún. Ó ń wò mí bí ọmọdé ṣe ń wo àlejò. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ìrònú, kì í ṣe ìbànújẹ́, torí mi ò ní ìbànújẹ́ kankan. Mo kàn mọ̀ ní orí lásán pé bí nǹkan bá ń bá a lọ báyìí, ọmọ mi á dàgbà láìní ìyá nínú ilé tí ìyá rẹ̀ ń gbé.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, ọmọkùnrin tí mo bí tẹ̀lé e kú. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò láyé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé e lọ sin. Kò sọ ibẹ̀ fún èmi tàbí ọkọ mi, nítorí òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Ìyá mi wọkọ̀ láti Ọ̀ṣun wá bá wa ní Lugbe, kó sì tó sọ báàgì kalẹ̀ ló ti ń wí pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.

"Má sunkún o. Ẹkún èyí tó lọ, ọ̀nà ló ń dí mọ́ èyí tó ń bọ̀."

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo gbọ́ràn débi pé mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Jahi kí ìsinmi ìbímọ mi tó parí, gbogbo ọ́fíìsì sì ń yìn mí pé obìnrin bí ọkùnrin ni mí. Ìyìn burúkú gbáà.

Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló bọ́ sí Yorùbá.

"Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

"A dúpẹ́."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ń kí yín."

Ó gbé bírò kalẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe pé mò ń kí yín o. Mò ń bi yín ni."

Ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì sínú ìwé, emotional numbing, ìyẹn ni pé ọkàn kú, kò mọ nǹkan kan lára mọ́, ó sì yí i sí mi. Ó ní àwọn èèyàn máa ń pè é ní ìgboyà, àwọn mìíràn á pè é ní ìkà, kì í sì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ní ó dà bí abẹ́rẹ́ tí dókítà eyín ń gún sí èrìgì: kì í pa eyín tó ń dunni nìkan, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kú. Ẹni tí kò bá lè mọ ìbànújẹ́ lára, kò ní mọ ìfẹ́ náà lára.

Mo délé, mo bá ìyá mi, tí kò tíì padà sí Ọ̀ṣun, tó ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣíìnì. Mo rò ó fún un délẹ̀, ohun tí dókítà wí àti ti ọjà ẹja. Mo ti ń retí "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Mo bí ẹnì kan ṣáájú rẹ," ló wí. "Ọkùnrin ni, òun náà kú. Wọ́n ní kí n má sunkún, mi ò sì tíì sunkún rẹ̀ dòní. Ìgbà tí wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́, mo kàn ń wò ọ́ ni. Mò ń wẹ̀ ọ́, mò ń fún ọ lóúnjẹ. Ó tó ọdún méje kó tó máa ṣe mí bíi pé ọmọ mi ni ọ́."

Kò gbójú sókè. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí. Ó dùn mí fún ìṣẹ́jú kan péré, ó sì tún lọ.

Mo mú ìró kan, mo lọ bá ọmọ mi ní pálọ̀ níbi tó ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó wá gun ẹ̀yìn mi.

"Mọ́mì, I'm a big girl."

"Mo mọ̀. Ṣáà wá."

Ó rọra gùn mí lẹ́yìn, ó le gbagidi. Mo pọ̀n ọ́n, mo dè é dáadáa, mo ń rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé. Ó wúwo. Mi ò mọ nǹkan kan lára, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.