Ẹni Tó Ń Gbé Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Mi Mì

Oyún mi kejì nìyẹn, ní Ìkọ̀yà, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ lára mi. Nọ́ọ̀sì mátánítì ní Òkìtìpupa fa abẹ́ ojú mi wálẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó rárá, bí kò bá pọ̀ sí i, mo lè kú sórí ìkúnlẹ̀. Ó fún mi ní oògùn pupa, kí n máa lo ọ̀kan láràárọ̀. "Ìgbẹ́ rẹ máa dúdú o. Má fòyà, oògùn náà ni."

Oògùn náà ò pé ọjọ́ méjì nílé tí ìyá ọkọ mi fi gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn ìyá àgbà ìgbà náà gbà pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ọsibítù ń mú ọmọ inú tóbi jù, kò ní ríbi gbà jáde. Ó ní òun ti dà á sígbó. Mo sunkún, mo bínú, mo fẹjọ́ sun ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá mi ni o," ló bá gbé àdá, ó gba oko lọ. Ọkùnrin!

Nígbà tó yá, mo rí i pé ara Ìyá dédé ń yá gágá. Obìnrin tó ń pariwo orúnkún tẹ́lẹ̀ ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko láìsinmi lọ́nà, ó ń kọrin ìjọ nídìí púpúrú tó ń fi ẹ̀gẹ́ náà ṣe. Èmi tí mo kéré sí i ń mí hẹlẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ igbe láti ẹ̀yìnkùlé. "Mo gbé o! Ìyàwó mi, wá wo nǹkan dúdú tó jáde lára mi!"

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo lajú sílẹ̀ bí ẹni tẹ́rù bà. "Háà, Ìyá! Kí lẹ jẹ tí kì í ṣe tiyín? Ẹ tètè jẹ́wọ́ o!"

Ó káwọ́ lérí, ó jẹ́wọ́. Ó ní oògùn ọsibítù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà nù, òun ló ń gbé e mì láràárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í pààyàn. Èmi ni mo lóyún, ara yín ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí!"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Mo ní ọmọbìnrin kan kí o tó wọlé wa," ó ní. "Ó kúnlẹ̀, kò dìde mọ́. Ọmọ inú rẹ̀ tóbi jù. Ọwọ́ mi ló kú sí. Ṣé kí n tún fi ojú mi rí i lára tìrẹ?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́ náà gan-an la jọ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó bá àwa méjèèjì wí dáadáa, ó wá ṣàlàyé fún Ìyá pé oògùn náà kì í sọ ọmọ di ràbàtà, agbára ni fún ìyá ọmọ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń gbé oògùn àti omi wá bá mi lórí ẹní. Á ní kí n lanu, á wo abẹ́ ahọ́n mi fínnífínní. Ó sú mi!

Lọ́jọ́ tí mo bí, mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà mátánítì, wọ́n ń bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ohùn Ìyá bo tiwọn mọ́lẹ̀.

"Ìyá ọmọ ńkọ́?"