Ìró Tí Bàbá Kò Gbọ́

Òórùn òjé yíyọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá ti ń sún mọ́ ilé bàbá àfẹ́sọ́nà mi ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Òdógbolú, tí mo sì ń ta jìtá fún ẹgbẹ́ olórin kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú òyìnbó ni bàbá yìí ti kọ́ iṣẹ́ rédíò kí ó tó padà wálé. Ampilifáyà, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jìtá sókè, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òun ló ń gé igi àpótí rẹ̀, òun ló ń fi òjé lẹ wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ló ń to fáàfù sínú rẹ̀, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná bí wọ́n bá ti gbóná. Díẹ̀ ló ń ṣe lọ́dún, àwọn ọ̀gá olórin a sì máa ti Ìbàdàn àti Èkó wá dúró dè é.

Èmi náà ní ẹ̀rọ kan. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n rọ irú rẹ̀ jọ bí agolo mílíìkì, owó rẹ̀ kò sì ga ju apá tíṣà lọ. Ó ní fáàfù tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó máa ń tì mí lójú. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ bàbá, ṣe ni mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan. N kò tíì gbọ́n tó láti mọ̀ pé etí kì í ka iye owó.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, tó ń kọrin fún wa, ló mú ìròyìn wá pé ọkùnrin kan tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé, láti wá gbọ́ wa ní gbọ̀ngàn ìlú. Bàbá ní nítorí tèmi, òun yóò yá wa ní ẹ̀rọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Iyì ńlá ni. Ó tún ní bí òde náà bá ti kọjá, kí àwọn ènìyàn mi wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Sátidé náà, èmi àti ọ̀gá lọ dán an wò. Ọ̀gá ti gbé ẹ̀rọ tèmi sínú ọkọ̀ láì sọ fún mi, ó ní kí a lè fi méjèèjì wé ara wọn.

Tèmi la kọ́kọ́ ta. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dán. Bàbá sì mi orí, ó ní, "Kò burú, fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́." A wá tan tirẹ̀. Bí mo ti fọwọ́ kan okùn jìtá, orí mi wú. Ohùn náà nípọn, ó ń ṣàn bí oyin. Ṣùgbọ́n lórí oyin náà ni ìró kan wà, tínńrín, bí ẹ̀fọn tó há sínú etí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn jìtá, orin dákẹ́, ìró náà kò dákẹ́. Mo wo ọ̀gá, ó ń wo ilẹ̀. Mo wo àfẹ́sọ́nà mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sorí kọ́. Bàbá nìkan ló di ojú, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́ tónítóní?"

Ìgbà náà ló yé mi pé kò gbọ́ ọ.

"Ó dára gan-an ni, Bàbá," ni ọ̀gá wí.

Bí mo bá dákẹ́, ará Èkó yóò gbọ́ ìró náà ní Sátidé, orúkọ bàbá ni yóò sì bàjẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó pe òun ní adití? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa. Síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìró kan wà nínú rẹ̀ tí kò dákẹ́."

"Ìró wo?"

"Tínńrín ni, sà. Bíi ti ẹ̀fọn."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí ti ẹ̀rọ náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tíṣà, ẹ̀rọ pọ́ọ́kú yẹn ló ti ba etí rẹ jẹ́." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ìwọ ń gbọ́ nǹkan kan?"

Ọ̀gá nu ojú. "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, Bàbá."

Ó wá pe ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá mi. Ó wà nínú èyí tí ẹ ṣe ṣáájú rẹ̀ náà. Gbogbo wa nílé là ń gbọ́ ọ."

Bàbá pa ẹ̀rọ náà, a sì ń wo bí pípọ́n àwọn fáàfù náà ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀. "Ẹ máa lọ," ló wí.

Tèmi la gbé lọ ní Sátidé. Ará Èkó náà gbọ́ wa tán, kò tilẹ̀ bojú wo ẹ̀rọ. Ó ní ohùn ọ̀gá wa kò tíì gbó tó fún rẹ́kọ́ọ̀dù. Gbogbo wàhálà ẹ̀rọ tí a ti ń ṣe, ọ̀nà ọ̀fun ni àléébù wà!

Èyí kò dùn mí tó ìdákẹ́jẹ́ tó ti Imùṣin wá. Bàbá tó bí mi ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa lọ, mo ń purọ́ pé wọ́n rìnrìn àjò. Nígbà tó yá ni àfẹ́sọ́nà mi wá bá mi ní ilé ìwé, ó ní bàbá òun ní kí n wá, kí n sì gbé ẹ̀rọ mi dání. Mo bi í bóyá inú wọn ti rọ̀. Ó ní òun kò mọ̀.

Mo bá ẹ̀rọ bàbá lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, iná wà nínú rẹ̀.

"Jókòó síbẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan, iná inú èyí lè pa ènìyàn. Bí ìró yẹn bá dákẹ́, kí o nawọ́ sókè."

Bàbá ki ọwọ́ òsì bọ àpò kí iná má baà gba àyà rẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti àwọn wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ti ọ̀kan, yóò wo ọwọ́ mi. Igi náà kò gùn, iná náà sì wà nítòsí ìka rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n kàn nawọ́ kí ìyà náà lè tán fún un. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti wáyà kan tó fara ti òmíràn, ìró náà sì já lójijì. Mo nawọ́. Ó fi í sílẹ̀, ìró padà, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó tún tì í, mo tún nawọ́.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Bàbá."

Ó pa ẹ̀rọ, ó dúró kí iná inú rẹ̀ kú pátápátá, ó sì gbé wáyà náà gba ibòmíràn. Ó wá ní kí n ta méjèèjì, tèmi ṣáájú. "Sọ òtítọ́," ló wí nígbà tí mo parí.

Mo ní, "Tèmi tó ẹgbẹ́ wa lò, sà. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú tiyín rí."

Ó mi orí. Ó pe ọmọ rẹ̀ kí ó bu omi fún mi mu, ó wá bojú wò mí. "Àwọn ènìyàn rẹ ńkọ́? Kí ló dé tí wọn ò tíì wá?"

Wọ́n wá, wọ́n sì fi ọmọ fún mi. Títí bàbá fi kú, kò sí ẹ̀rọ kan tó kúrò nílé náà tí èmi tàbí ìyàwó mi kò kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn olórin sì ń yìn ín pé etí rẹ̀ kò láfiwé. Àwa a máa ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láìpẹ́ yìí ni ìyàwó mi sọ fún mi pé ẹ̀rù ba òun jù mí lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tí òun kúnlẹ̀ yẹn, torí òun mọ̀ pé ọ̀kan nínú èmi àti bàbá òun ni òun máa pàdánù bí ọ̀rọ̀ náà bá bẹ́. Ó ní òun ti yan ẹni tí òun máa bá lọ kí òun tó la ẹnu. N kò bi í pé ta ni; mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.